Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Bàbá Àṣírù

Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Mo ra ìwé yìí lọ́sàn-án òní, torí bí mi ò bá rí ibi da ọ̀rọ̀ sí, inú mi á bẹ́. Lọ́túnla niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: ọgbọ̀n àgbàlagbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan lẹ́yìn Malu Road. Èmi Ọdúnayọ̀ tí mo ti ń na orúnkún olórúnkún tó gan nílé ìwòsàn láti ọdún mẹ́fà, èmi náà ti di olùwádìí! Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò le: bí àwọn àgbàlagbà Ajégúnlẹ̀ bá ń ṣe eré ìdárayá déédéé, ṣé ẹsẹ̀ wọn á lágbára sí i?

Dókítà Dáhùnsí, ọ̀gá mi obìnrin ní yunifásítì, pè mí lẹ́yìn ìsìn láti tún ohun tí wọ́n ti sọ nígbà mẹ́rin sọ. "Ọdúnayọ̀, ó kéré tán, ẹni mẹ́rìnlélógún gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lọ́jọ́ ìparí, kí iye tí o bá kọ fún wọn sì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Bó bá fi ẹyọ ẹnìkan dín, kò sí owó fún ọdún kejì. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yẹn máa tì nìyẹn." Mo ní mo gbọ́, mà. Mo ti gbọ́ tipẹ́.

Bàtà eré tuntun ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Inú mi ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán aṣọ ọdún fún.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Gbogbo wọn ló wá! Ọgbọ̀n géérégé! Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ mi láti Bọ́ńdárì, òjò sì ṣú dẹ̀dẹ̀, àmọ́ kò rọ̀.

Mo ti ṣàlàyé dé ìdajì nígbà tí bàbá gíga kan tó dé fìlà funfun nawọ́ sókè. Bàbá Àṣírù nìyẹn, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, hẹ́dímánì, olórí gáǹgì aláàárù tó ń já ẹrù ọkọ̀ òkun, nígbà kan ní Àpápá. "Tíṣà," wọ́n ní, "ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ru àpò sìmẹ́ńtì ní èbúté. Eré ìdárayá wo ló tún kù tí mi ò tíì ṣe?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà ò panu mọ́. Mo ní kí wọ́n dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan kan, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde. Kí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó pé, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n rí i ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹta kọ̀. Wọ́n bojú wo àga náà lẹ́yìn, wọ́n ní, "Àga yìí ló kúrú." Àga ò kúrú o.

Lẹ́yìn náà ló kan rírìn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kóònù pupa méjì, mítà ogún láàárín wọn, kí kálukú máa rìn lọ rìn bọ̀ títí n óò fi ní ó tó, kí n wá kọ iye mítà tó rìn sílẹ̀. Kí iṣẹ́ lè yá, mo ní kí wọ́n máa rìn ní mẹ́fà-mẹ́fà. Àṣìṣe ọlọ́gbọ́n! Àwọn mẹ́fà tí Bàbá Àṣírù wà láàárín wọn parí, mo wo ìwé mi: 212, 212, 212, títí dórí ẹni kẹfà. Mo rò pé okùn ìwọ̀n ló bàjẹ́. Àṣé Màmá Dorothy, tí ìbàdí ń dùn wọ́n, ni wọ́n tì síwájú, tí àwọn márùn-ún yòókù sì rọra ń tẹ̀lé wọn.

"Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé?"

"Gáǹgì kì í fi ẹnìkan sílẹ̀," ni Bàbá Àṣírù wí, bí ẹni tó ń dárúkọ àdúgbò rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tún un rìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àṣírù rin 236. Wọ́n ṣe é o, ṣùgbọ́n wọn ò gbádùn rẹ̀ rárá.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà

Ẹ gbà mí! Mo ra ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà ní Malu Road, mo tú u, kí ni mo rí? Ojú ewé kejì ìwé ìdárayá mi, èyí tí mo fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì ya àwòrán rẹ̀, tí mo pín fún àwọn àgbà pé kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé wọn. "Dìde, Jókòó, Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá." Mo bi ẹlẹ́pà pé níbo ló ti rí i. "Ìyá kan ló fún mi. Ó ní ìwé yẹn nípọn, epo ò lè là á já."

Mo jẹ ẹ̀pà náà tán. Ó dùn. Inú ń bí mi títí mo fi délé.

Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà

Mo ti rí i! Mo ti rí i! Ìwé ò lè ṣe é, gáǹgì ni yóò ṣe é. Lónìí ni mo pín wọn sí gáǹgì márùn-ún, ẹni mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú hẹ́dímánì tí yóò máa lọ kan ilẹ̀kùn àwọn yòókù láàárọ̀, kí wọ́n jọ ṣe ìdárayá ládùúgbò lọ́jọ́ tí a ò bá sí ní gbọ̀ngàn. Mi ò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, Bàbá Àṣírù ti yan gáǹgì tiwọn: Màmá Dorothy, Bàbá Akínsànyà, àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé lẹ́yìn Malu Road.

Mo wá pín ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìṣísẹ̀, èyí tí wọn óò máa so mọ́ ìdí. Bàbá Akínsànyà gbé tiwọn sókè, eyín tó kù lẹ́nu wọn hàn síta. Iṣẹ́ tálì kíláàkì ni wọ́n ṣe ní èbúté. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ tí mo ń ka àpò. Ẹyọ kan ò sọnù lọ́wọ́ mi rí. Àbúrò mi rèé!" Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń pe ẹ̀rọ náà ní tálì. Èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹfà

Màmá Dorothy gun kẹ̀kẹ́ lónìí láìsí ẹni tó fà wọ́n! Kí a tó kíra ni wọ́n ti ń ròyìn. "Tíṣà, I just put leg, I enter! Kẹ̀kẹ́ man come dey look me like say na winch!" Obìnrin yìí fi ọgbọ̀n ọdún gbálẹ̀ ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ òkun, ìbàdí wọn ò sì gbádùn láti ìgbà náà. Mo fò mọ́ wọn lọ́rùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ṣubú.

Bàbá Àṣírù ti ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́fà báyìí. Wọn ò dárúkọ àga mọ́. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: aládùúgbò kan ní hẹ́dímánì kan ń kan ilẹ̀kùn ní aago márùn-ún ààbọ̀ bí ọlọ́pàá.

Ẹtì, 4 oṣù keje

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Omi dé orúnkún ní òpópónà wa, a ò lè ṣe ìdárayá lánàá. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo fi ra ata rodo tí kò kún àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ọmọ wọn ti wá kó mẹ́ta nínú àwọn àgbà wa kúrò nínú omi lọ sí Ìkòròdú. Ó ku mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù keje

Bàbá Àṣírù ò wá. Bàbá Akínsànyà ní wọ́n ti lọ kí ẹbí ní Ẹ̀pẹ́, pé wọn óò pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

"Tálì wọn ńkọ́, Bàbá?"

"Ó wà ní ìdí wọn gbọnin. Wọn óò máa ka iye rẹ̀ fún mi lórí fóònù, èmi óò máa mú un wá fún ọ."

Ta ni yóò ṣiyèméjì sí ẹni tó ka àpò fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n? Mo ní kò burú.

Ìṣẹ́gun, 15 oṣù keje

Bàbá Àṣírù láti Ẹ̀pẹ́: ìṣísẹ̀ 4,870 lójúmọ́! Afẹ́fẹ́ Ẹ̀pẹ́ gbà wọ́n!

Ìṣẹ́gun, 22 oṣù keje

6,412!!! Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí kò lè dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù tó kọjá! Mo jó yípo yàrá mi, mo sì fi iye náà ránṣẹ́ sí Dókítà Dáhùnsí pẹ̀lú àmì ìyanu mẹ́ta.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Tọkọtaya kan ti kó lọ sí Ìbàdàn, dókítà sì ti ní kí ìyá kan sinmi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ku mẹ́rìnlélógún gẹ́lẹ́. Bí ẹyọ kan bá tún já, ó parí.

Ọjọ́rú, 23 oṣù keje

Dókítà Dáhùnsí fèsì: "Mo fẹ́ fojú rí bàbá yìí. Mú wọn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ayọ̀ abara tín-ńtín!

Ẹtì, 25 oṣù keje

Ẹ jẹ́ kí n kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara mi jẹ.

Mo lọ sí ilé Bàbá Àṣírù lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ láti béèrè ọjọ́ tí wọn óò ti Ẹ̀pẹ́ dé. Pákó kan wà lórí gọ́tà níwájú ilé náà, mo rọra gba orí rẹ̀ kọjá. Àdùfẹ́, ọmọ wọn obìnrin tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Ẹ̀pẹ́ kẹ̀? Ta ló lọ sí Ẹ̀pẹ́? Àǹtí, Bàbá wà nínú yàrá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ̀ ṣubú lórí pákó yẹn, nígbà òjò, wọn ò jáde mọ́."

Mo wọlé. Bàbá wà lórí àga, ìbora bo itan wọn, ẹsẹ̀ òsì wà lórí àpótí. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán. "Tíṣà, ṣé iye mi pé?"

Ó pé, Bàbá. Ó pé ju ti gbogbo ayé lọ.

Mo yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Kò wú mọ́, kò sí eegun tó kán. "Ẹsẹ̀ ti san," wọ́n ní. "Àyà mi ni kò tíì san. Bí mo bá tún ṣubú, tí nǹkan kán, Àdùfẹ́ ni yóò máa gbé mi lọ sí ilé ìwẹ̀. Tíṣà, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ru ẹrù. Mi ò fẹ́ di ẹrù lọ́rùn ọmọ mi." Mo fa ìbora náà bo ẹsẹ̀ wọn. Mo wá bi wọ́n pé ta ló ń rin ìṣísẹ̀ wọn. Wọ́n yíjú sí ògiri. "Gáǹgì ni."

Ibi tí mo ti ń jáde ni mo ti pàdé Màmá Dorothy, wọ́n mú ọsàn wá fún aláìsàn. Mo wo ìdí wọn. Tálì méjì!

"Màmá, èwo ni tiyín níbẹ̀?"

Wọ́n fọwọ́ bo méjèèjì, lẹ́yìn náà wọ́n mí kanlẹ̀. "Dis one na my own. Dis one na Bàbá own. Today na my turn."

Àbámẹ́ta, 26 oṣù keje

Mi ò ní nǹkan kan láti kọ. Orí ń fọ́ mi.

Ajé, 28 oṣù keje

Irọ́ ò dáa, torí náà mo kọ ọ́: mo rò ó láti má sọ. Bí mo bá dákẹ́, ẹni mẹ́rìnlélógún pé, ọdún kejì dájú. Bí mo bá sọ ọ́, ẹni mẹ́tàlélógún ló kù. Mo rò ó láti Àbámẹ́ta. Láàárọ̀ yìí mo pe Dókítà Dáhùnsí, mo tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀.

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ta ló wá ń rìn ín?"

"Àwọn márààrún, mà. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn lójoojúmọ́. Kálukú á rin tirẹ̀, á sì tún rin ti Bàbá."

"Ìwọ náà wá ń fi àmì ìyanu mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, o ò sì lọ wò wọ́n."

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Wọ́n wá sọ ìdájọ́. Kí n wọ́gi lé gbogbo ìṣísẹ̀ Bàbá Àṣírù láti oṣù keje, kí n sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọn ò yọ Bàbá kúrò. Ṣùgbọ́n bí wọn óò bá jẹ́ ẹni kẹrìnlélógún, lọ́jọ́ 19 oṣù kẹjọ, wọ́n gbọ́dọ̀ wá sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n rin ìṣẹ́jú mẹ́fà fúnra wọn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. "Iye yẹn ò ní kó pọ̀," Dókítà ní. "Kó ṣáà ti jẹ́ tiwọn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Ẹni tí kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá!

Ìṣẹ́gun, 29 oṣù keje

Mo ti gbé ìbínú wá láti ilé. Kí n tó kí ẹnikẹ́ni tán, mo ní, "Bàbá Akínsànyà, ẹ ní ẹyọ kan ò sọnù lọ́wọ́ yín rí."

Wọ́n dìde fùú, wọn ò fọwọ́ ti nǹkan kan. (Mo rí i. Nínú ìbínú mi náà, mo rí i, inú mi sì dùn.) "Ẹyọ kan ò sì sọnù! Mi ò kọ ìṣísẹ̀ kan tí ẹnìkan ò rìn. Nígbà tí ibà dá Àṣírù wó ní èbúté láyé àtijọ́, àwa la pín àpò rẹ̀ rù. Mo kọ ọ́ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé rẹ̀ sì rí oúnjẹ jẹ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ta ni ó pa lára?"

Ìbínú mi kàn yọ́ dànù. Bàbá arúgbó yìí, pẹ̀lú orúnkún wọn tó ti gbó, ti ń rin ti ẹni méjì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rọra ní, "Bàbá, ẹni yòówù kó ru àpò, àpò á dé ibi tó ń lọ. Ẹsẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń rin ti Bàbá Àṣírù fún wọn, ẹsẹ̀ yín ló ń le. Tiwọn ń kú lọ lórí àga."

Bàbá Akínsànyà jókòó. "A ò rò ó dé ibẹ̀," wọ́n ní.

Màmá Dorothy ló gbóhùn sókè. "If him no fit come meet class, make we carry class go meet am. Wetin remain?"

Mo lè gbé wọn pọ̀n sẹ́yìn!

Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù keje

Àgbàlagbà mẹ́tàlélógún tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ Malu Road láago mẹ́jọ àárọ̀. Àwọn onítírélà ń fun fèrè. Ọ̀kan yọrí jáde, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé ìwọ́de ni?" Màmá Dorothy dá a lóhùn: "Na protest! We dey protest against chair!"

A kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àdùfẹ́ bámúbámú. Bàbá Àṣírù wò wá láti inú yàrá bí ẹni rí àlejò tó mú ẹrù wá. Mo kó ìrọ̀rí mẹ́ta lé orí àga wọn. "Bàbá, ẹ jàre lọ́jọ́sí. Àga ló kúrú. A ti bá yín gbé e ga."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi! Wọ́n jókòó lórí ìrọ̀rí mẹ́ta, wọ́n wo gáǹgì wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dìde. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ariwo tí a pa, àwọn tó wà lójú títì sáré wá wò bóyá iná ń jó. Àdùfẹ́ fi aṣọ oníbàárà nu ojú.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹjọ

Ìrọ̀rí méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Oòrùn ràn.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹjọ

Ìrọ̀rí kan. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní orúnkún ń gbọ̀n, wọ́n ní kí ni èmi ọmọ àná mọ̀ nípa orúnkún, wọ́n ní kí n máa lọ sílé mi. Mo jáde. Mo jókòó sídìí máṣíìnì Àdùfẹ́, mo sunkún díẹ̀, mo nu imú, mo tún padà wọlé.

"Ìwọ, o ò tíì lọ?"

"Gáǹgì kì í fi ẹnìkan sílẹ̀, Bàbá."

Wọ́n ṣe "hùn". Wọ́n sì dìde.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹjọ

KÒ SÍ ÌRỌ̀RÍ! Ẹ̀ẹ̀mejì! Kò sí ìrọ̀rí kankan!

Àbámẹ́ta, 16 oṣù kẹjọ

Bàbá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà ìta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọwọ́ wọn wà lára ògiri. Nígbà tí wọ́n dé ibi pákó tó wà lórí gọ́tà, wọ́n dúró. Òógùn bò wọ́n. Mo ní kí n di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ní rárá. Bàbá Akínsànyà lọ sí òdìkejì, wọ́n ń pè wọ́n. Bàbá Àṣírù ò kọjá. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ jókòó.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ẹni tí kò lè kọjá pákó ò lè dé gbọ̀ngàn. Bí a bá fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ò lè gun pákó.

Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹjọ

Mi ò tíì bọ́ bàtà kí n tó jókòó kọ eléyìí.

Dókítà Dáhùnsí ti dé ṣáájú mi, aago tí a fi ń ka ìṣẹ́jú wà lọ́rùn wọn. A bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Dorothy, tí wọ́n rin 212 lóṣù kẹfà, rin 301! Bàbá Akínsànyà fi mítà méjìdínlọ́gọ́ta ju ti ìgbà yẹn lọ, wọ́n sì ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni mẹ́tàlélógún tán ní aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Kò sí Bàbá Àṣírù. Ẹnikẹ́ni ò lọ sílé. Gbogbo wọn kàn jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Dókítà wo aago, wọ́n wò mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i."

A kọ́kọ́ rí fìlà funfun. Bàbá Àṣírù ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, wọn ò di nǹkan kan mú. Àdùfẹ́ ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó ru àga wọn sórí.

"Pákó ńkọ́?" mo sáré bi í.

"Wọ́n dúró lẹ́bàá rẹ̀ títí, mo rò pé wọn óò padà. Wọ́n ní kí n yíjú sẹ́yìn. Nígbà tí n óò fi yíjú padà, wọ́n ti wà lódìkejì."

Mo bi Bàbá pé kí ni àga wà fún. "Àga tiyín kúrú," wọ́n ní. Dókítà Dáhùnsí ní àga tí a fi bẹ̀rẹ̀ náà la óò fi parí. Bàbá fojú burúkú wo àga gbọ̀ngàn, wọ́n jókòó, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó pé. Mẹ́ta! Ó fi ẹyọ kan ju ti ọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn náà ni ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo sọ òfin fún gáǹgì wọn: ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má bá wọn rìn, ẹ má pariwo. Àwọn márààrún lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Mi ò rí iṣẹ́ tó le fún wọn tó èyí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.

Bàbá rin ìṣẹ́jú kìíní, wọ́n rin ìkejì, wọ́n rin ìkẹta. Nínú ìkẹrin, láàárín kóònù méjèèjì, wọ́n dúró. Èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Òfin gbà kí èèyàn sinmi, ṣùgbọ́n aago ò ní dúró dè wọ́n. Mo rí ẹsẹ̀ Bàbá Akínsànyà tó sún kúrò lẹ́bàá ògiri. Màmá Dorothy di ẹ̀wù wọn mú lẹ́yìn. "Leave am," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Leave am, abeg." Omi ti kún ojú wọn. Tírélà kan fun fèrè lójú títì. Mo ka ogún, mo ka ọgbọ̀n, mo ka ogójì.

Bàbá gbé ẹsẹ̀ òsì. Èyí tó yọ̀ lórí pákó. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ó tó!" ni Dókítà wí. Mo kúnlẹ̀ wọn ibi tí bàtà wọn dé. 168. Ó kéré sí ti oṣù kẹfà, mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ nìyẹn. Mi ò tíì kọ iye tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹni mẹ́rìnlélógún pé! Gbọ̀ngàn dàrú, wọ́n ń dì mọ́ra, Dókítà Dáhùnsí bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún.

Bàbá Akínsànyà dúró níwájú ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Hẹ́dímánì, mélòó ni kí n kọ?"

"Béèrè lọ́wọ́ Tíṣà. Ṣùgbọ́n orúkọ mi nìkan ni kó o kọ ọ́ sí."

Nígbà tí ilé ti ń dà, Àdùfẹ́ wá na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀ láti mú wọn lọ sílé. Bàbá Àṣírù wo ọwọ́ náà.

"Gbé àga," wọ́n ní. "Èmi ń bọ̀."